Ògiri Oníbíríkì àti Ọwọ́ Òsì Aṣọ́lé Wa

                                                            Ṣọ́ọ̀bù Ayàwòrán,
                                                            Òdìkejì Ilé-Iṣẹ́ Bíríkì.
                                                            Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta.

Àbúrò Aṣọ́lé, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà ṣòkòtò péńpé,

Báwo ni o? Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn báyìí? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Bọ̀ọ̀dá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ tí mo fẹ́ràn bí ẹ̀gbọ́n tèmi? Ṣé wọ́n ṣì máa ń pa rédíò tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀? Ara tèmi le dáadáa. Ẹ̀yìn nìkan ló ń ro mí, torí ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo lò lórí àkàbà. Má wulẹ̀ káàánú mi o. Mo gbádùn ọ̀sẹ̀ méjèèje.

Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí. Ọwọ́ ti tẹ Fèrè. Mo tún un kọ kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì: ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́! Èmi tí mo ń kọ̀wé sí ọ yìí ni mo fi ọwọ́ ara mi mú un, bùrọ́ṣì ni mo sì fi mú un.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, Oníbíríkì, pé àádọ́ta ọdún, ilé-iṣẹ́ bíríkì sì ní kí wọ́n ya ìtàn ẹgbẹ́ náà sára ògiri gígùn tó dojú kọ pápá. Iṣẹ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ta wá ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o? Fèrè kan náà ni, òun tó máa ń fun fèrè lẹ́yìn gólì wa, tó tún máa ń gbé àpótí òògùn sáré wọ pápá tí agbábọ́ọ̀lù bá fara pa. Ó ti sanra báyìí, ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká lọ, ṣùgbọ́n ẹnu yẹn ò yí padà. Ojoojúmọ́ ló ń wá dúró sísàlẹ̀ àkàbà mi, tí á máa sọ bí òun ṣe ru ẹgbẹ́ náà sórí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Irọ́ ńlá! Ọdún keje ló tó dé. Èmi àtìwọ la fi àyè hàn án lẹ́yìn gólì.

Mo pín ògiri náà sí sáà márùn-ún. Mo ya sáà tí a gba ife, tí òjò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí rẹfirí ń wá ìlà pápá bí ẹni tó sọ òrùka nù. Ṣé o rántí? Ẹrẹ̀ gba bàtà rẹ kan lọ́jọ́ yẹn, ìyá yín sì ní tí a bá ti gba ife náà, kí bàtà máa lọ. Mo ya Máṣìnì, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù títí tó fi bẹ́, tí gbogbo wa ń bá rẹfirí jà pé awọ rẹ̀ ṣáà wọlé, gólì ni. Mo ya sáà tí èéyi mú ìdajì àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, tí awakọ̀ tírélà bíríkì wọ jẹ́sì, tó sì fi ẹ̀yìn orí gbá gólì wọlé láìmọ̀. Mo wá ya Bọ̀ọ̀dá, aṣọ́lé wa, nínú afẹ́fẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n mú pẹnárítì méjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orí àkàbà ni mo ti sunkún nígbà tí mo ya ìyẹn tán.

Ó wá ku sáà tí a já wálẹ̀ sí ìpele ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀, ìwọ àti ìyá yín lórí ìjókòó onígi ní òdìkejì pápá, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó, ó ṣì ń ta mí lára. Ọ̀mì lásán la nílò lọ́jọ́ yẹn. Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Bọ́ọ̀lù kan ń yí bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù tí ìyá àgbà lè fẹsẹ̀ dá dúró. Bọ̀ọ̀dá na ọwọ́ òsì sí i, ó yọ́ bọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó wọlé. Pápá dákẹ́ lọ gbáà. Ohùn kan wá jáde láti ẹ̀yìn gólì: “Ó ti tà wá!” Kíá, gbogbo pápá gbà á lẹ́nu onítọ̀hún. O ti bi mí nínú lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé ohùn ta nìyẹn, mo sì máa ń fò ó. Màá dá ọ lóhùn kí n tó fọwọ́ sí ìwé yìí.

O rántí ìpàdé tí wọ́n pè lọ́sẹ̀ náà. Bọ̀ọ̀dá ṣàlàyé pé ìka ọwọ́ òsì wọn méjì ti kán ní abala kìíní, pé Fèrè ló fi báńdéèjì dì í nígbà ìsinmi, pé Fèrè kan náà ló sì sọ fún kóòṣì pé kò sí wàhálà. Fèrè dìde láàárín èrò, ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù, ó ní, “Mi ò fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kódà mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò alága ẹgbẹ́ tó nà wá.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Níbi iná tí wọ́n ti ń sun bíríkì, níbi tí Bọ̀ọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó bá wọn jẹun mọ́. Kò sẹ́ni tó ń kí wọn ní àárọ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ kó ẹrù yín kúrò nílùú. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé.

Ṣùgbọ́n Fèrè fẹ́ràn ojú ara rẹ̀ jù. Lọ́sẹ̀ kẹrin iṣẹ́ mi, ó mú fọ́tò kan wá, ó ní ọwọ́ ayafọ́tò pápá lòun ti gbà á kí ìyẹn tó kú. Ó ní ojú òun mọ́ níbẹ̀, ikùn òun ò tíì yọ, kí n fi ya òun gàgàrà. Ó ní ti sáà ife ni. Mo gbà á, mo dúpẹ́.

O mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. N kì í wo fọ́tò lódindi. Mo máa ń fi rúlà fa ìlà sí i lóròó àti níbùú títí á fi di igun mẹ́rin wẹ́wẹ́, màá fi páálí bo ìyókù, màá wá máa ya ẹyọ kọ̀ọ̀kan sára ògiri bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ń wo odindi, ojú èèyàn ló máa ń wò. Èmi máa ń wo ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, mo dé igun kẹtàlá, mo rí nǹkan funfun kan. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fi àtàǹpàkò nù ún, kò lọ. Mo ṣí igun kẹrìnlá, ìka ọwọ́ ni. Mo ṣí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìka mìíràn, báńdéèjì, àti ọwọ́ ẹni tó ń dì í. Mo ju páálí nù. Bọ̀ọ̀dá ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí wọ́n na ọwọ́ òsì, tí wọ́n di eyín pọ̀. Fèrè kúnlẹ̀ síwájú wọn, àpótí òògùn ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ayafọ́tò! Mo yí ẹ̀yìn fọ́tò padà. Olóògbé ti fi bírò kọ ọjọ́ síbẹ̀, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ tí a bá gbá, ó sì kọ “ìsinmi àárín eré”. Ọjọ́ tí a já wálẹ̀ gan-an ni. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Fèrè fi tọ́jú fọ́tò yẹn, ojú ara rẹ̀ nìkan ló ń wò níbẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí garawa ọ̀dà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí wèrè. Kí n má purọ́ fún ọ, inú burúkú ló wọ̀ mí. Mo lè rọra mú fọ́tò náà lọ bá ìgbìmọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti Bọ̀ọ̀dá? Iwájú gbogbo ayé ló ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Mo ní tiẹ̀ náà á bàjẹ́ níwájú gbogbo ayé, pẹ̀lú ọ̀dà tí òjò ò lè fọ̀.

Mo ta aṣọ ńlá bo apá ibẹ̀, mo ní kí oòrùn má bàa ba ọ̀dà jẹ́. Fèrè ń wá lójoojúmọ́. “Ṣé o ti yà mí?” “Mo ti yà ọ́.” “Ṣé mo tóbi?” “O tóbi ju gbogbo wọn lọ.” “Ṣé mo jọ ara mi?” Mo ní, “Alága, ẹni tó bá rí i kò ní béèrè pé ta ni.” Inú rẹ̀ dùn, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi. Mo mu ún tán o, tìyẹn ò ní kí n má mu ún!

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, la ṣí ògiri náà fún gbogbo ayé, pápá sì kún dẹ́múdẹ́mú. Fèrè wọ kóòtù, ó mú fèrè àtijọ́ yẹn dání, òun fúnra rẹ̀ ló sì fa okùn. Aṣọ já bọ́. Áà, ọ̀rẹ́ mi, ó yẹ kí o wà níbẹ̀! Ó gbójú sókè, ó rí ojú ara rẹ̀ tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè fún èrò. Ojú rẹ̀ náà nìkan ló tún rí! Ìyá tó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ló ka ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ sókè: “Ọjọ́ tí a já wálẹ̀. Ìsinmi àárín eré. Fèrè ń di ìka aṣọ́lé wa tó kán.” Ó kà á tán, ó tún un kà. Fèrè ṣì ń fun fèrè rẹ̀, àfi ìgbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́.

Kóòṣì àtijọ́ wà lórí àga níwájú, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí. Wọ́n dìde. Wọ́n ní, “Mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà. O ní kò sóhun tó ṣe é. Mo ní aṣọ́lé mìíràn lórí bẹ́ǹṣì, mo sì bi ọ́.” Fèrè ń làágùn, ó ní ayàwòrán ló hùmọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo ti ń dúró dè! Mo yọ fọ́tò jáde lápò, mo fi iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ han kóòṣì. Mo ní, “Ìwọ lo fún mi, Alága. O ní ojú rẹ mọ́ níbẹ̀.” Àwọn tó kọ̀ láti bá Bọ̀ọ̀dá jẹun wà níbẹ̀, irun wọn ti funfun, ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Èrò là fún Fèrè, ó gba àárín wọn kọjá, kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó wò ó. Fèrè tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú koríko di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ó dùn mọ́ mi ju ọjọ́ tí a gba ife lọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi gan-an.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó bẹ̀ mí pé kí n ṣáà pa ojú òun nìkan dà. Mo ní ọ̀dà tó lè bò ó kò sí lọ́jà. Kò bínú. Ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ní, “Bùrọ́ṣì, mo purọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó purọ́, pápá ti ń pariwo. Ta ló kọ́kọ́ pariwo? Ẹ̀gbẹ́ mi lo dúró sí.” Ó bá tiẹ̀ lọ.

Èmi ni. Ìdáhùn lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Èmi ni mo ní “Ó ti tà wá!” N kò rí nǹkan kan, n kò mọ nǹkan kan, ó ṣáà dùn mí ni, mo sì la ẹnu. Nígbà tí Fèrè wá purọ́ tirẹ̀, ara tù mí, torí irọ́ rẹ̀ ló sọ ariwo mi di òótọ́. Mo fi ọdún mẹ́tàlélógún kórìíra rẹ̀ kí n má bàa rántí ibi tí mo dúró sí. Mo ń kọ̀wé sí ọ, mo ń kí Bọ̀ọ̀dá nínú gbogbo lẹ́tà, ojú ò tì mí.

Láàárọ̀ àná, mo gbé àkàbà padà lọ síbẹ̀. Mo ya ara mi sáàárín èrò ẹ̀yìn gólì, pẹ̀lú fìlà tí mo dé lọ́jọ́ náà, iṣan ọrùn mi le, ẹnu mi là gbàgà. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀: “Bùrọ́ṣì, ẹni tó kọ́kọ́ pariwo.” Ìyá tó ń dáná ti kà á. Kò kí mi láàárọ̀ yìí.

Bá mi kí ìyàwó wa, bá mi kí àwọn ọmọ. Jọ̀ọ́, ka lẹ́tà yìí sí Bọ̀ọ̀dá létí, má fo ibì kankan. Sọ fún wọn pé kóòṣì àti àwọn òṣìṣẹ́ ti fi àga kan pamọ́ fún wọn ní ìlà iwájú fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ sáà tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá wá, garawa ọ̀dà dúdú kan wà lábẹ́ ògiri náà, bùrọ́ṣì mi tó fẹ̀ jù wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ òsì yẹn mú un, kí wọ́n kun ojú mi pa. N kò ní tún un yà.

                                                            Èmi ni, ẹni kẹta láti apá ọ̀tún lára ògiri,
                                                            Bùrọ́ṣì.