Páìpù Èéfín Tó Ń Jò ní Gáráàjì Bàbá

"Moufida, gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀! Ìwọ ọmọ àná, o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi Rachad, ohun tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn. Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àti ìyàwó yín ní Libreville. Orúnkún Màmá ti ń san.

Páìpù èéfín ọkọ̀ asáré kan ló ń jò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Bàbá ti ki jùwẹ́ǹ pẹlẹbẹ mẹ́ta sáàárín páìpù àti ẹ́ńjìnnì láti dí i, ó ṣì ń jò. Ọlọ́kọ̀ ní bí ariwo rẹ̀ kò bá dákẹ́ lọ́tùúnla, òun á gbé e lọ Parakou. Mo gbé ẹnu páìpù náà lé orí gíláàsì tó tẹ́jú, mo rí àyè lábẹ́ rẹ̀: ooru ti tẹ irin rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Bàbá, wọ́n bú mi. Mo sunkún.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ gbàdúrà fún ọwọ́ mi. Lọ́la, kí Bàbá tó ti ìrun Jímọ̀ dé wá fi jùwẹ́ǹ kẹrin sí i, màá ti fi irin líìmù tí Màmá fi ń pọ́n àdá ha ẹnu páìpù náà kó tẹ́jú. Kí wọ́n rò pé jùwẹ́ǹ àwọn ló dí i. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nílé yìí láéláé.