Ògiri Yàrá Wa Tí Ẹgbẹ̀rún Mẹ́rin Ènìyàn Fẹ́ràn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ayàwòrán ìgboro,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń rí oorun sùn? Ojú tí o fi ń wá jíjẹ mímu kò ní fọ́ o. Àwa náà wà níbí, bàbá rẹ ń kí ọ, eyín rẹ̀ tó ń mì ti bọ́, adìẹ dúdú ti pa ọmọ mẹ́sàn-án, ògiri yàrá wa sì ti wó.

Mo mọ̀ pé ti ògiri yìí á dùn ọ́, torí ìwọ lo fẹ́ràn rẹ̀ jù nínú gbogbo wa. Nígbà tí o wálé, tí o dojú bolẹ̀ sẹ́yìn yàrá fún ọjọ́ mẹ́rin, tí o ń ya ewé tútù bí irun ọmọ tuntun tó hù sára rẹ̀, àti olú funfun, àti ìgbín, àti aláǹgbá tó yọrí níbi tó lanu, mo rò pé o ń wọn ibi tó lanu náà ni, kí o lè mọ iye sìmẹ́ńtì tó máa gbà. Mo ti ń dúpẹ́ nínú mi. Àfi bí o ṣe ní, Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o, ẹwà ni. Bàbá rẹ ní láti kékeré lòun ti mọ̀ pé ògiri tó bá lanu ni aláǹgbá ń wọ̀, òun ò kàn mọ̀ pé fọ́tò yíyà ló kàn. Mo ní kó dákẹ́, pé ọmọ kàwé jù wá lọ. Nígbà tí bíríkìlà àdúgbò gbé irinṣẹ́ dé láti wá dí i, èmi ni mo dá a padà, mo ní ọmọ mi ní ẹwà ni. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó ní òun ti gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa gbé fóònù wá, ó ní fọ́tò tí o yà ti wà lórí ayélujára, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ti fi ọkàn wọn fún ògiri wa. Mo bi í pé ṣé kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ó ní rárá, ọkàn pupa kékeré ni, ìfẹ́ ló túmọ̀ sí. Ọmọ mi, mo yan fanda kiri àdúgbò. Ìgbà tí a bí ọ pàápàá, èèyàn méjìlá péré ló wá kí wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òjò rọ̀ látàárọ̀. Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn kó lọ tọ̀ ni ògiri dà lulẹ̀ gbì, ó bo ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìtọ̀ ló yọ ọ́. Ó wa ìrọ̀rí náà jáde, ó sì ń ha ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo bẹ tíṣà kó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, ẹ̀yin olólùfẹ́ ògiri wa, ó ti wó, ẹ máa bọ̀. Mo gbálẹ̀, mo yá bẹ́ǹṣì mẹ́fà, mo pọnmi kún gbogbo ohun tó lè gba omi, torí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kì í ṣe kékeré. Ẹnì kan fi ojú tó ń sunkún ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ méjì tó lẹ̀ mọ́ra wọn ránṣẹ́. Òmíràn ní ṣé a lè ya àwókù náà fún òun kí oòrùn tó gbẹ ẹ́. Bàbá rẹ ní ká wo àwọn ọwọ́ yẹn dáadáa, bóyá ọ̀kan mú ṣọ́bìrì dání. Tíṣà fẹ̀ ẹ́ kó tóbi, gbogbo wa wò ó, kò sí.

Bíríkìlà tí mo dá padà náà ló wá lọ́jọ́ kẹta, òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n fún ọjọ́ méjì, wọn ò fi ọkàn kankan ránṣẹ́. Ògiri náà gún régé, kò sì lẹ́wà rárá.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó bíríkìlà ránṣẹ́, àti ti ìrọ̀rí tuntun. O kúkú sọ pé fọ́tò ìgbín yẹn níye lórí, gbé e lọ sí bánkì kí wọ́n bá ọ ṣẹ́ ẹ. Bàbá rẹ tún ní kí n béèrè bóyá o ya òun mọ́ ọn nígbà tí o wálé. Mo ti wo gbogbo fọ́tò náà tán lọ́dọ̀ tíṣà, n kò rí i. Mo sọ fún un pé tirẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Olúwa á fi àwọn tó mọ ọ̀nà ilé rẹ yí ọ ká.

Èmi ìyá rẹ.