Ẹ̀rọ Tí Ìyá Ọkọ Mi Ní Àwọn Fi Àdúrà Pa Lẹ́nu Mọ́

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n ṣe sùúrù, kó yáa máa kọjá lọ.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Adó-Èkìtì ni mo lọ́kọ sí, àdúgbò Adébáyọ̀ là ń gbé. Inú ilé ni mo ti ń ṣe ìṣirò owó fún àwọn oníṣòwò òkè òkun, wọ́n sì ti sọ ọ́ pé bí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé mi ò bá ní firewall gidi, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n gbàgbé iṣẹ́. Mo ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù kan, mo fọwọ́ ara mi tún un tò di firewall, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò sí olè tó lè yọ́ wọlé. Àṣé fáànù rẹ̀ ló máa kó bá mi... ó ń kùn hùùù látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ni ìyá ọkọ mi bá ti Ìgbẹmọ dé. Aládùúrà pọ́ńbélé ni wọ́n. Wọ́n ní nǹkan kan ń mí nínú "ulé" ọmọ àwọn. Mo ṣàlàyé títí, mo ṣí i, mo fi fáànù hàn wọ́n. Ẹ gbọ́, mo lọ ra ata, kí n tó dé, wọ́n ti da omi àdúrà lé e lórí! Ó kú pátápátá. Ọkọ mi ní màmá ò mọ̀ọ́mọ̀. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀? Ta ló ń ṣèèṣì da odidi kẹ́ẹ̀gì omi?

Mo wá òmíràn tí kò ní fáànù rárá, kò ju Bíbélì lọ, irin ara rẹ̀ ló fi ń tutù, kì í jẹ iná, ó tún yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ni mo fi pamọ́ sí, kò dún pínrín. Ìyá yìí bá gba máìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n jẹ́rìí pé àdúrà àwọn ti pa ohun tí ìyàwó ọmọ àwọn gbé wálé lẹ́nu mọ́. Ohun tí èmi gbé wálé o! Látìgbà náà, bí mo bá kí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Èmi, àjẹ́? Nítorí fáànù? Ọkọ mi mọ òótọ́, àmọ́ ó ní bí mo bá dójú ti ìyá òun, kí n múra Ìbàdàn. Ojú tèmi ńkọ́? Ṣé tèmi kì í ṣe ojú ni?

Ìyá ọkọ mi àti àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá ṣe ìdúpẹ́ ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, èmi náà ni wọ́n ní kí n se ìrẹsì. Ohun tí ọkọ mi ò mọ̀ rèé: mi ò da ti àkọ́kọ́ nù. Mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ, mo ki wáyà rẹ̀ bọ iná lánàá... ó jí! Ó tún ń kùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n gbé e sórí tábìlì níwájú gbogbo wọn, kí n tàn án, kí wọ́n fojú ara wọn rí fáànù, kí n sì di ẹrù mi? Àbí kí n bu ìrẹsì fún wọn, kí n máa ṣe àmín sí ìdúpẹ́ pé wọ́n ti ṣẹ́gun mi?