Wọn Ò Lọ o, Àbúrò Mi

Ṣọ́ọ̀bù Alájórin, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí,
Attécoubé,
Abidjan.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Òkéwùmí, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé o ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, o sì ti ń wá gíláàsì láti tún un kà. Àbúrò ni mo kọ. Fara balẹ̀, wàá rí ìdí rẹ̀.

Ara ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé o ti lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa? Tọ́jú rẹ̀ o, nítorí wàá nílò rẹ̀ láìpẹ́. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Abdoul tó ń jórin níbẹ̀ ní Ìgbòho? Ṣé iṣu ọdún yìí ta? Nusirat ìyàwó mi ní kí n bi ọ́ bóyá oúnjẹ ń wọlé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ikùn rẹ kò kọ nǹkan kan rí. Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Tí mo bá dé ibi tó dùn, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Lẹ́tà kò ṣeé gé mọ́ni lẹ́nu.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí a sọ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí ò ń padà sílé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ni èmi pẹ̀lú Saliou àti Nafissa, àwọn òṣìṣẹ́ mi, gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ epo pupa kan ní Vridi láti jó táńkì wọn. Sẹ́kúrítì ò jẹ́ ká kọjá géètì. Ó ní sẹ̀tífíkà wa dà. Mo na ọwọ́ mi sí i pẹ̀lú gbogbo àpá iná tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Vieux, bàbá arúgbó, ọwọ́ yìí dáa, ṣùgbọ́n kò sí sítáǹbù lára rẹ̀." A yí ọkọ̀ padà, iṣẹ́ náà lọ.

Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ọ pé màá pe ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kan tí ìjọba fọwọ́ sí, kí wọ́n wá kọ́ wa nínú ṣọ́ọ̀bù wa, kí wọ́n sì fún wa ní ìwé. O rẹ́rìn-ín títí àwọn èrò ọkọ̀ fi ń wò wá. O ní gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí o kọ́ ló gba fírídọ́ọ̀mù tán tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ojúkojú rẹ. O ní, "Ràímì, kúkú bá wọn pe takisí. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé yẹn ni wọ́n máa lọ, wọ́n á fi ìwọ àti òòlù sílẹ̀." Mo ní, tí wọn ò bá lọ ńkọ́? O ní tí wọn ò bá lọ, o máa gbà pé èmi ni ẹ̀gbọ́n títí a ó fi kú. Nusirat gbọ́. Dírẹ́bà gbọ́.

O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, ọ̀rẹ́ méjì tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn, la ti ń jà sí ipò ẹ̀gbọ́n. Ìwé wa ò sì lè yanjú rẹ̀, nítorí "né vers 1952" ni wọ́n kọ fún mi, pé a bí mi ní nǹkan bí ọdún 1952, òun náà ni wọ́n kọ fún ọ. Akọ̀wé kàn wo irùngbọ̀n wa ni, ó fojú bù ú.

Ilé-ẹ̀kọ́ rán olùkọ́ kan sí wa, Micheline lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Kétu ni ìyá rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo bi í bóyá wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ó ní, "Wọ́n ti já mi, Bàbá. Ẹ̀yin ni mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti ra bàtà fún." Ó wo sílípáàsì ẹsẹ̀ mi, ó lé mi jáde nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, ó ní mi ò gbọdọ̀ wọlé láìwọ bàtà onírin. Mo lọ dúró ti obìnrin tó ń dín dòdò níta, mo ń pàṣẹ láti ibẹ̀, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ra bàtà. Ó wúwo débi pé Nusirat ní mo ń rìn bí ọba.

Iná tí mo máa ń fojú bù, Micheline ní kí n máa wọ̀n ọ́n mọ́ bí irin bá ṣe nípọn tó. Ó gé irin tí mo jó sí méjì, inú rẹ̀ rí ihò-ihò bí àkàrà. Ti Nafissa dí pa. Mo ní irin tèmi ń mí ni. Micheline ní, "Irin kì í mí, Bàbá."

Kí a tó kẹ́kọ̀ọ́ tán, páálí bàgẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tí à ń yọ́ sójú irin, tí a fi ń jó géètì méjì tẹ́lẹ̀ ti ń tó mẹ́ta. Oníbàárà tó máa ń gbé iṣẹ́ padà pé ojú ibi tí a jó ti là, a ò rí i mọ́. Saliou tí iná máa ń ta sí lójú ṣáá ti gbàgbé ọ̀nà ilé oníkẹ́míìsì. Ìdánwò dé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yege. Èmi náà wà nínú rẹ̀, máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, mo rí Saliou àti Nafissa tí wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú bàbá Saliou àti ìyá Nafissa. Aṣọ ọdún ni wọ́n wọ̀. Wọ́n gbé obì, wọ́n gbé oyin, wọ́n gbé páálí míníràlì. Ẹrù fírídọ́ọ̀mù, Òkéwùmí. Àyà mi já. Mo rí eyín rẹ láti Ìgbòho. Mo rí ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, èmi nìkan nínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà onírin. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé tí àyà mi bá ń já, ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo ní, "Saliou, ojúkojú mi náà lo máa ṣí tìrẹ sí, àbí wàá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí n lè máa rí títì?"

Bàbá Saliou bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Alàájì, ẹ ṣàánú wa, ẹ má lé wọn."

Mo ní kí n lé ta ni? Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun ò rí ọ̀gá tó fún ọmọ iṣẹ́ ní ìwé tó tún ní kó dúró, pé òun sọ fún Saliou pé ìwé tí mo fún un, mo fi ń ní kó máa lọ ni. Saliou ní, "Bàbá, níbo la fẹ́ lọ? Ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ará ibẹ̀ ti gbàwé ni àwọn ará Vridi ń wá. Èmi nìkan, ta ló máa gbé táńkì fún mi?" Nafissa ní kò sí ọ̀gá tó rán òun níléèwé rí àfi èmi. Ó ní, "On est là, Bàbá. A ò lọ síbì kankan."

Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an ló ń bà wọ́n. Ó yẹ kí n dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo fajú ro, mo ní ọ̀rọ̀ náà le, kí wọ́n sún obì yẹn mọ́ mi kí n fi ronú. Nusirat ló ba eré jẹ́. Ó ti inú ilé sọ pé, "Ẹ má dá a lóhùn. Bó ṣe rí yín lókèèrè ló ti fẹ́ sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo sì gbàdúrà fún wọn, kì í ṣe àdúrà ìdágbére.

Lẹ́yìn náà ni a padà sí Vridi. Sẹ́kúrítì kan náà ló ṣí géètì. Mo wọlé, mo jáde, mo tún wọlé, kó lè rí bàtà mi. A jó táńkì, wọ́n bu omi kún un dé ẹnu. Ọ̀gá ibẹ̀ fi áńkáṣíìfù funfun nu ìsàlẹ̀ rẹ̀ yí ká. Ó gbẹ. Wọ́n ti fún wa ní méjì sí i, iléèwé kan ní Bingerville sì ti ránṣẹ́ pè wá wá ṣe géètì.

Sọ fún Abdoul kó wá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí yín, èyí tí ìjọba mọ̀, kì í ṣe ti àwọn tó kàn ń ta ìwé. Kó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí òun náà jókòó tì wọ́n. Ìwé kì í lé òṣìṣẹ́ lọ, Òkéwùmí. Ọ̀gá tí ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ju òun lọ ni wọ́n ń sá fún. Má bínú, báyìí ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀.

Moufoutaou tó mú lẹ́tà yìí wá gbé ẹrù kan lọ́wọ́. Atiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìlú yìí, wà nínú rẹ̀, bàtà onírin tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu sì wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má tú u títí yóò fi gbọ́ tí o pè mí ní ẹ̀gbọ́n, sókè, níṣojú ìyàwó rẹ. Yóò gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, torí Nusirat fẹ́ gbọ́ ọ. Bá mi kí gbogbo ilé, kí o kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Ní ti ìdọ̀bálẹ̀, mo ti fi jì ọ́ nítorí orúnkún yẹn. Ẹ̀gbọ́n aláàánú ni mí.

Èmi ni tìrẹ, tí o ti pè ní "ìwọ" kẹ́yìn, "ẹ̀yin" ló kù,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ràímì.