Àrùn Ìdílé Tí Mo Pè Lójú Àwọn Àna

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀rù tó ń bà mí ló jẹ́ kí n mú bírò. Mo ti da ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, àbíkẹ́yìn yín, rú.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, àwọn sójà tún gba ìjọba, èmi náà sì ríṣẹ́ n'Íbàdàn. Ẹyẹ igbó ni à ń mú. A ó fi òwú nu ọ̀fun wọn, a ó wá fáírọ́ọ̀sì ibẹ̀, kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, a ó sì fi jíìnì rẹ̀, àmì ìran tó wà lára rẹ̀, wé ti àwọn mìíràn ká lè mọ ìdílé tó ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ ká sọ òkò sí lékelèké, ẹ̀ bá ti bú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan wá láti Ọ̀tan Ayégbajú, wọ́n wá tọrọ Àṣàkẹ́ fún ọmọ wọn. Wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ fi ìwé tí mo kà hàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara. Mo ní àrùn tó pa adìyẹ ilé wa nígbà ọyẹ́ àti ti ara lékelèké, àrùn ìdílé kan náà ni. Àrùn ìdílé! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é. Ẹ mọ̀ pé wárápá àti ẹ̀tẹ̀ ni irú wọn ń bẹ̀rù kí wọ́n tó fẹ́mọ. Ìyá ọkọ gbé omi tí kò tíì mu kalẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dìde tí wọ́n ń lọ, mo sáré tẹ̀lé wọn, mò ń ṣàlàyé pé ìdílé fáírọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ìdílé wa. Ta ló ń gbọ́? Wọ́n ti ń wádìí wa kiri Ìlá, ìlú wa, báyìí. Àṣàkẹ́ ò sunkún. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ fún wọn."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń padà bọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí èmi tí mo mọ̀ nípa àrùn wá sọ ohun tó pa yín.

Ìyá ń sọ fún gbogbo ayé pé ibà ni. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú nídìí máṣíìnì ìránṣọ yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, tí itọ́ ń hó lẹ́nu yín. Nígbà tí ẹ jí, ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni, Bàbá? Ṣé ó ti ń ṣe yín tipẹ́? Ṣé ó ṣe bàbá yín náà? Àbí òótọ́ ni mo sọ láìmọ̀?

Láàárọ̀ àná, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àṣàkẹ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ títí, bóyá yóò gbọ̀n.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.