Ta Ni Ń Jẹ́ ‘Wọ́n’?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án

Ìwọ́de kejì. Èrò kún títì láti iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ títí dé orí afárá. Ohun tí a ń bèèrè kò le: kí ìjọba dá owó ọkọ̀ padà sí iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi owó kún un gan-an ni wọ́n dárí owó orí ji àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ẹni tó ń wọkọ̀ ló wá ń sanwó fún ẹni tó ni ọkọ̀. Mo kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sára páálí, mo sì gbé e sókè títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Ẹnì kan nínú wa ju òkúta. Gíláàsì ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onílé ló bà – onílé wa, tí ń ta awò ojú nísàlẹ̀ ilé. Wọ́n ń gbá àfọ́kù jọ nígbà tí mo dé. Mo kí wọn kú ìṣòro. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Agbẹnusọ aráyé, ṣé gíláàsì mi ló fowó kún owó ọkọ̀ ni?” Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àríyànjiyàn nínú ọgbà lẹ́yìn náà. Bàbá Onílé ní ẹni tó ń bínú sí olówó kò yẹ kó fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò tíì lówó. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, wọn kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi dá sí i: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo ní àpò tí a ń bá sọ̀rọ̀ kò létí. Màámi ní kí n lọ gbé omi kaná.

Gbohùngbohùn yà lọ́dọ̀ wa – orúkọ tí mo sọ ọmọbìnrin tó ń dá orin fún wa nínú ìwọ́de. Rédíò fẹ́ kí ẹnì kan nínú wa wá bá Ọ̀jọ̀gbọ́n kan jiyàn lọ́jọ́ Ẹtì. Gbogbo wọn ní èmi ni kí n lọ. Wọ́n ní ẹnu mi dá ṣáká.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo kọ ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Mo fà á ya. Ó dún bí èsì ìdánwò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá Màámi níbi iṣẹ́, kí n lè fi etí ara mi gbọ́ àwọn tí mo fẹ́ gbẹnu sọ fún. Ilé ìfọṣọ. Oru omi gbígbóná bo gbogbo fèrèsé. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń lọ̀ jù, funfun báláú, ó sì tóbi débi pé ẹnì kan kò lè dá a ká. Méjì-méjì ni wọ́n ń ká a: ẹnì kan di etí méjì mú níhìn-ín, ẹnì kejì di etí méjì mú lọ́hùn-ún, wọn a fà á le, wọn a rìn pàdé ara wọn láàárín. Bí ijó. Obìnrin tó ń bá Màámi ká aṣọ, Ìkejì ni wọ́n ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà ìsinmi, Ìkejì ló kọ́kọ́ sọ ọ́: bí owó ọkọ̀ kò bá wálẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, áyọ́ọ̀nù á dúró, àwọn á sì jáde. Àwọn obìnrin yòókù ní àwọn náà á jáde. Màámi nìkan ló ní àwọn kò lọ síbì kankan. Ìkejì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò wá bá mi ká aṣọ lójú títì?” Màámi dá a lóhùn pé, “Fi eyín rẹ dì í mú.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, tí ẹnì kan fi ń fi aṣọ iṣẹ́ nu omijé.

Màámi sìn mí dé ẹnu géètì. Wọ́n ní kí n má ṣe fi àwọn ṣàpẹẹrẹ níbi tí mo ń lọ. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí n sọ tèmi. Mo ṣèlérí pé n kò ní dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n kí ni tèmi? Ìwé ẹ̀rí kan tí a gbé kọ́ sára ògiri.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo ti sọ̀rọ̀!

Yàrá kékeré, ògiri tó rọ̀ bí tìmùtìmù. Atọ́kùn ètò náà – Ohùn Oyin ni mo sọ ọ́ – jókòó láàárín èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo rò pé n ó bá ọ̀dájú pàdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kí mi dáadáa, wọ́n tilẹ̀ bu omi fún mi. Wọ́n ní ẹ̀dùn ọkàn wa tọ̀nà, ọ̀nà tí a gbà ni kò tọ̀nà: bí ìwọ́de bá lé àwọn oníléeṣẹ́ lọ, iṣẹ́ á bá wọn lọ, ẹnìkan kì í sì í gé ẹ̀ka tó jókòó lé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká bèèrè ẹni tó jókòó lórí ẹ̀ka náà, àti àwọn tó dúró nísàlẹ̀ tí wọ́n ń ti igi lẹ́yìn kó má baà wó. Ohùn Oyin rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ èyí tó dùn mí. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló kún ìwọ́de náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi kò sí níbẹ̀. Ìwé tí mo tún kọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní:

“Màámi ń lọṣọ ní ilé ìfọṣọ ńlá ìlú yìí. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́rú. Wọ́n ní bí owó ọkọ̀ kò bá wálẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, áyọ́ọ̀nù á dúró, àwọn á sì jáde.”

Ohùn Oyin ní, “Ẹ ò gbọ́ nǹkan.” Ọ̀jọ̀gbọ́n bu omi mu.

N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo mú ìlérí mi ṣẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo gbé.

Màámi lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀. Oníbúrẹ́dì dìde kí wọn, ó ní akọni obìnrin ni wọ́n. Awakọ̀ kan yọ orí láti fèrèsé, ó pè wọ́n ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù, ó ní òun yóò máa retí wọn lọ́jọ́bọ̀. Màámi wọlé, wọ́n gbé búrẹ́dì kalẹ̀. “Kí ni mo sọ?”

Mo ní àwọn kọ́, pé àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ ni mo ní lọ́kàn. Bàbá Onílé, tí wọ́n gbọ́ ètò náà ní ṣọ́ọ̀bù, tún gbólóhùn mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn mi gan-an. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó gbọ́ ọ.

‘Wọ́n.’ Mo fi pe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Etí gbogbo ìlú gbọ́ ọ̀wọ̀. ‘Màámi ń lọṣọ… Wọ́n ní…’ Ta ni ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ì bá tún máa pè bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ? Ká ní aláìmọ̀wàáhù ọmọ ni mí, tí ń pe ìyá rẹ̀ ní ‘ó’, ẹnikẹ́ni kì bá ti ṣì mí gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní òun kò lọ, òun ni mo wá sọ di aṣáájú.

Màámi kò pariwo. Wọ́n kàn ní, “O kàwé tó báyìí, o ò lè sọ pé ‘àwọn obìnrin náà’?”

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màámi lọ gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé, títí kan aṣọ ìnuwọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Màámi ti dé láti ibi iṣẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Alábòójútó wọn – Ẹ-Rọra ni mo ń pè é, nítorí pé ‘ẹ rọra’ ló máa ń sọ nígbàkígbà tó bá fẹ́ kí wọ́n yára – wá dúró láàárín àwọn obìnrin náà. Kò bínú. Ó ní òun mọ Màámi sí èèyàn jẹ́jẹ́, òun kò gbà pé àwọn ni wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Màámi fẹ́ dáhùn pé lóòótọ́, àwọn kọ́. Ẹ-Rọra ti ń bá tirẹ̀ lọ: “Ẹ rọra, Màmá. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, a jẹ́ pé ‘wọ́n’ tí ọmọ yín wí pọ̀ nìyẹn. Ẹ dárúkọ wọn fún mi, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín.”

Màámi ní Ìkejì di etí aṣọ mú lọ́hùn-ún, ó gbé e sókè títí ó fi bo ojú rẹ̀.

Màámi ní, “Èmi nìkan ni. Ọmọ mi ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.”

Ẹ-Rọra ní kí wọ́n máa lọ sílé. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n padà wá sí géètì, wọn yóò gbọ́ bóyá iṣẹ́ ṣì wà tàbí kò sí. Ẹnikẹ́ni tó bá sì jáde lọ́jọ́bọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti géètì náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ní n ó padà lọ sí rédíò lọ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Màámi ní kí n lọ sọ pé kí ni? Pé wọ́n pọ̀? Ohun tí Ẹ-Rọra ń wá náà nìyẹn. Bí mo bá tún un ṣe, mo ta àwọn obìnrin náà. Bí mo bá fi í sílẹ̀, mo ta ìyá mi. Iṣẹ́ Màámi ló sì ń bọ́ wa, òun ló ń san owó ilé yìí.

Mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi gbé e lé orí ara wọn, nígbà tí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ ìwọ́de náà.

“Bí ẹni méjì bá ń ká aṣọ, tí ọ̀kan jù ú sílẹ̀, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. A ó sì tún un fọ̀ ni.”

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìkejì wá, òun àti méjì nínú àwọn obìnrin náà. Wọ́n ká aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan tó ti gbó sábẹ́ apá. Màámi kò kọ́kọ́ fún wọn ní àga. Màámi ní kí ni wọ́n wá ṣe, ṣé kí ohun tí àwọn fi ara gbà lè já sí asán ni? Ìkejì ní ojú ń ti òun láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti fún òun ní ẹlòmíràn tí yóò máa bá òun ká aṣọ. Ẹni náà ń fà á wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, àwa la sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ ká fara pamọ́ sẹ́yìn yín.”

Wọ́n jiyàn títí tíì tutù. Níkẹyìn, Màámi gbé àga wá.

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan sára aṣọ náà. Mo gbé gbólóhùn kan kalẹ̀ nípa ìdọ́gba àti ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ìkejì bèèrè bóyá ẹni tó bá ń kà á yóò jókòó. Màámi wà nídìí fèrèsé, wọn kò wẹ̀yìn, wọ́n ní, “Ẹ-Rọra ń bèèrè ta ni ń jẹ́ ‘wọ́n’. Ẹ dá a lóhùn.”

Bàbá Onílé ló gbé ọ̀dà wá – èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n kun férémù gíláàsì tuntun. Wọ́n dúró tì mí, awò ojú lójú. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, wọ́n ní, “Fi àmì ohùn sí i. Àṣìgbọ́ la ò tíì bọ́ nínú ẹ̀, kí ẹ tún má fi àṣìkà kún un.”

ÀWA NI ‘WỌ́N’.

Síbẹ̀, Màámi ní àwọn kò lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Kì í ṣe gbogbo wọn ló wá. Mẹ́fà péré. Aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn wọn. Ìkejì di etí aṣọ méjì mú níwájú. Ẹ̀yìn ń wọ́ nílẹ̀. Mo sáré lọ gbé e. Ọwọ́ kan gbá tèmi kúrò.

“Agbẹnusọ, ibi tèmi nìyẹn. Bọ́ sí àárín, kí o gbé ìdí rẹ̀ sókè.”

Sìlípáàsì inú ilé ni Màámi wọ̀ wá. N kò bèèrè ohun tó yí wọn lọ́kàn padà. Wọ́n wo Ìkejì, Ìkejì wò wọ́n, wọ́n fa aṣọ le, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sì yọ.

Gbohùngbohùn gbé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ wá fún mi. Mo fi fún Màámi. Màámi mi orí sí Ìkejì. Ìkejì gbà á, ó ní, “Ẹ káàsán o.” Gbogbo títì dá a lóhùn – “Ẹ káàsán, Màmá.” Ó gbàgbé ìyókù. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù, ó sì dá ẹ̀rọ padà. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sínú ìwé yìí. N kò tíì kọ èyí tó dára tó ìyẹn.

A kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onílé. Wọ́n dúró ti gíláàsì tuntun, wọ́n káwọ́ lẹ́rán. Ẹnikẹ́ni kò ju òkúta.

N kò sọ ọ̀rọ̀ kankan lónìí. Ìdí aṣọ ni mo gbé dání.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n wá mú Màámi láàárọ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti àwọn tí kò jáde lánàá pẹ̀lú. Ẹnu ọ̀nà wa kò gbà wọ́n. Ìkejì ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́: géètì kan ni gbogbo àwọn ń lọ. Bí wọ́n bá tì í mọ́ ẹnì kan, gbogbo àwọn ni yóò padà wá lójú ẹsẹ̀, kí n gbé omi tíì kaná dè wọ́n.

Mo gbé omi kaná. Mo to ife.

Ó ti di ọ̀sán báyìí. Omi ti hó, ó ti tutù. Wọn kò tíì padà.