Ọ̀sẹ̀ Keje Tí Ẹ Kò Fi Hàn

Ilé Adégòkè,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláásí,
Bẹ́yẹrúnkà,
Ìbàdàn.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 1996.

Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ètò,
Ilé-iṣẹ́ Amóhùnmáwòrán Ìmọ́lẹ̀-Òkè,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ÈTÒ "ILÉ ONÍLÉ" TÍ Ẹ DÁ DÚRÓ LÁÌPARÍ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÌPARÍ RẸ̀

Kí ẹ tó ka ìlà kejì, mo bẹ̀ yín, bí ẹnikẹ́ni bá wà lọ́dọ̀ yín, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kọjá orí tábìlì yín. Kì í ṣe pé mo jalè. Ẹnu àwọn ará Bẹ́yẹrúnkà ni mo ń sá fún. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sí wọn lẹ́nu ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti dé Ọjà'ba, ó ti gba Bẹẹrẹ lọ sí Àrẹ̀mọ, wọ́n á sì ti fi tiwọn kún un.

1. Orúkọ mi ni Sàláúdéènì Adégòkè. Aránṣọ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò lọ sí ilé-ìwé. Ara ìwé ìròyìn tí àwọn oníbàárà fi ń di aṣọ wá ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Èmi ni akọ̀wé mọ́sáláásí àdúgbò wa. Mo gbọdọ̀ jẹ́wọ́ pé ní èṣí, mo dìde níwájú jàmáà, mo sì wí pé amóhùnmáwòrán a máa sọ àgbàlagbà di ọ̀lẹ. Wọn kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

2. Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, mo gbé rédíò mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gàníyù, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ. Amóhùnmáwòrán kan wà lórí káńtà rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ètò yín ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kì í ṣe eré àwọn òṣèré. Àwọn ará Bẹ́rúmà, tí ń gbé lórí òkè olókùúta kan tó jìnnà réré sí wa, ni ẹ ń tẹ̀ lé kiri nínú ilé wọn: bí wọ́n ṣe ń sọmọ lórúkọ, bí wọ́n ṣe ń kórè, bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀. N kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù Kejì yóò fi parí, mo ti mọ orúkọ ewúrẹ́ wọn. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń gbé rédíò náà padà lọ. Gàníyù wò mí títí, ó ní, "Bàbá, rédíò yìí le ju èmi náà lọ. Ẹ sáà jókòó, ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n yín." Mo ní kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ràn ẹ̀rín náà.

3. Ní ọjọ́ Kẹtàlélógún oṣù Kẹrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìyá méjì kan tí wọn kì í kí ara wọn mọ́. Obìnrin tó ń ṣàlàyé fún wa sọ pé ní ilẹ̀ Bẹ́rúmà, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ tẹríba. Ọ̀sẹ̀ méje ni yóò fi ṣe é, láìla ẹnu. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, yóò yọ òkúta kan nínú ààrò rẹ̀, yóò gbé e sí ẹnu ọ̀nà àbúrò. Ní ìkejì, yóò gbé kèrègbè omi síbẹ̀. Ní ìkẹta, yóò gbá ojúde rẹ̀. Ní ìkẹrin, yóò jókòó síbẹ̀, yóò kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, títí òjìji rẹ̀ yóò fi kúrò lára ògiri. Ní ìkarùn-ún, yóò ya ìṣẹ́tí aṣọ ọrùn rẹ̀, yóò so ó mọ́ ilẹ̀kùn. Ní ìkẹfà, iyọ̀ tí a dì sínú ewé. Obìnrin náà fi kún un pé ẹni tó bá dá a dúró láàárín ọ̀nà ti fi ìjà náà ṣe ogún fún àwọn ọmọ.

4. Èmi náà ní àbúrò. Yẹ̀kínì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìyá mi ni, àgbàlá kan náà ni a sì ń gbé. Ọdún kejìlá nìyí tí a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tí bàbá wa jáde láyé, Gúsáù ni ó wà. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. A sin bàbá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ìgbà tí Yẹ̀kínì wọlé ní ìrọ̀lẹ́, erùpẹ̀ tútù ló bá. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́," ó sì wọ yàrá rẹ̀. Gbogbo ẹbí ló dá mi láre. N kò sọ fún wọn pé awakọ̀ kan ti jíṣẹ́ fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pé ọkọ̀ àbúrò mi bà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n jọ̀wọ́ dúró dè é.

5. Ní ilẹ̀ tiwa, àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. N kò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà tọ Yẹ̀kínì lọ, àfi èyí tí ẹ fi hàn mí. Mo tọ̀ ọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo ń ṣe ohun tí mo rí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Sẹ̀gilọlá, aya rẹ̀, ju òkúta náà sí gọ́tà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo rí Yẹ̀kínì tó lọ gbé e, tó fọ̀ ọ́, tó dá a padà síbi tí mo gbé e sí. Kèrègbè omi, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà mi ní òfìfo, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ mi láti ọdún méjìlá.

6. Ní ọjọ́ Kẹrin oṣù yìí, mo ti jókòó kí agogo mẹ́fà tó lù. Dípò "Ilé Onílé", ìjàkadì àwọn òyìnbó ni ẹ gbé síta: àwọn ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí wọ́n wọ pátá, tí wọ́n ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ní ọjọ́ Kọkànlá, ìjàkadì náà ni. Kò sí ìkéde, kò sí ẹ jọ̀wọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ta ló fún yín láṣẹ láti mú ènìyàn dé orí afárá, kí ẹ wá ká pákó tó kù kúrò níwájú rẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ìjàkadì ló wu àwọn olówò tó ń polówó ọjà lọ́dọ̀ yín. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

7. Ẹ wo ibi tí ẹ fi mí sí. Ní ọjọ́ tí mo gbé iyọ̀, Sẹ̀gilọlá ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wo bàbá yìí. Wọ́n gbé òkúta ààrò wá, wọ́n gbé omi wá, ó wá kan iyọ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ sè wá jẹ ni?" Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé akọ̀wé mọ́sáláásí ń ṣe oògùn sí ọmọ ìyá rẹ̀. Mọ́gàjí ilé wa ti pe ìpàdé ẹbí sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Kẹtàlélógún oṣù yìí, láti pàṣẹ kí n jáwọ́. Bí mo bá sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ, n kò ní lè gbójú sókè mọ́ nínú jàmáà. Bí mo bá sì jáwọ́, ọmọ mẹ́rin ni Yẹ̀kínì bí, mẹ́ta ni tèmi, wọ́n sì ti ń kọjá lára ara wọn bí àlejò.

8. Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ keje hàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún mi: kí ni ẹ̀gbọ́n náà gbé lọ? Ṣé ó sọ̀rọ̀? Bí ó bá sọ̀rọ̀, kí ló kọ́kọ́ sọ? Ẹ má kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín sí ara àpò ìwé náà. N óò wá gbà á fúnra mi lẹ́nu géètì yín ní Ọjọ́rú, ọjọ́ Kọkàndínlógún.

Ẹ lè wí pé kí n kàn la àgbàlá kọjá, kí n sọ pé, "Yẹ̀kínì, mo gbọ́ pé o ń bọ̀, n kò sì dúró dè ọ́." Mo ti gbìyànjú rẹ̀ ní èmi nìkan nínú yàrá. Kò jáde lẹ́nu mi.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí ń retí yín,

Sàláúdéènì Adégòkè,
Ọ̀gá Aránṣọ (tó ti fẹ̀yìn tì).

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ dáná sun ìwé yìí ní ojú ara yín. Ìpínrọ̀ kẹrin ni kí ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ó jóná, nítorí kò yẹ kí ẹlòmíràn tún gbọ́ ọ ṣáájú Yẹ̀kínì.